Ẹ Bi Mí Nípa Òkúta: JAMB Fún Mi Ní Geology, Ṣé Kí N Gbà Á?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí orúkọ àwọn tó rí yunifásítì wọ̀ ti ń jáde ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé, mo kà á títí ojú ń ro mí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jọra, mo wá ṣa díẹ̀ nínú ẹ̀ tó máa wúlò fún gbogbo wa. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé, jíọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ omi ni mo fi ń jẹun báyìí, ìyẹn ni pé èmi ni mo máa ń wá ibi tí omi wà lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, tó bá sì ti di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mo máa ń tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí fíìdì, ìyẹn ni pé wọ́n ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ níta níbi tí òkúta wà gan-an. Ó yá.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Medicine ni mo fi sílẹ̀ ní JAMB, máàkì mi ò tó, wọ́n wá fún mi ní Geology. Bàbá mi ní kí n gbà á, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gbà á, ó ní òkúta lásán ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kí n tún JAMB ṣe. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ gan-an. — Ọmọ ọdún méjìdínlógún, Òṣogbo

Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n ẹ ò parọ́, òkúta ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, "lásán" tó fi kún un ni mi ò gbà. Ilé tó ń gbé, òkúta ni, sìmẹ́ńtì tó wà lára ẹ̀, òkúta ni wọ́n lọ̀ tí wọ́n sun, títì tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀dà ni, omi tó bù mu láàárọ̀, inú òkúta ló ti jáde, góòlù etí ìyá yín ńkọ́, bátìrì fóònù tí o fi kọ lẹ́tà sí mi ńkọ́? Jíọ́lọ́jì ló ń kọ́ èèyàn bí gbogbo ẹ̀ ṣe dé inú ilẹ̀, ibi tó wà, bó ṣe pọ̀ tó, àti béèyàn ṣe máa mọ̀ kó tó di pé ó gbẹ́ ẹ.

Jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé fún ẹ. Ìbàdàn olókè méje là ń pè é, Òkè Màpó ń bẹ níbẹ̀, Òkè Mọ́kọ́lá ń bẹ níbẹ̀, ojoojúmọ́ là ń gùn ún tí ọkọ̀ wa ń mí hẹlẹ lórí ẹ̀, a ò bi ara wa léèrè pé kí ló dé tí òkè fi wà níhìn-ín tí ọ̀hún wá jẹ́ kòtò. Quartzite ló wà lábẹ́ àwọn òkè gbọọrọ yẹn, òkúta tó jẹ́ pé quartz ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn èròjà òkúta kan tó le tó rí bíi dígí, òjò ò sì rí quartz jẹ. Òkúta tó yí i ká, feldspar àti mica, èròjà òkúta làwọn náà, ló pọ̀ nínú tiẹ̀, àwọn yẹn máa ń jẹrà, wọ́n á di amọ̀, ọ̀gbàrá á gbé wọn lọ. Òjò ti ń pa á láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, èyí tó le ló ṣẹ́kù sókè, èyí tó rọ̀ ló di ibi tí odò ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún wa ní 200 level, mo wọkọ̀ lọ sí Màpó lọ́jọ́ kejì, mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ rà, mo kàn fẹ́ dúró lókè yẹn kí n wo ìlú tí mo ti ń gbé látìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó sì dà bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyẹn.

Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn òyìnbó nìkan náà o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n jíọ́lọ́jì, UI ló ti ṣiṣẹ́, òkúta kan wà ní Bauchi tó dúdú tó tún ń ṣe bí aláwọ̀ ewé, òun ló ṣàlàyé ẹ̀ fún ayé, bauchite ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó tẹ Accept lórí CAPS, ojú ìwé JAMB tí wọ́n ti ń gba ààyè yunifásítì, nìyí. Ọdún àkọ́kọ́ o ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí òkúta rárá, Physics, Chemistry àti Maths ni wọ́n máa fi pa ẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń rò níbẹ̀ pé wọ́n tan àwọn jẹ, wọ́n á sì sá lọ kí òkúta tó dé. Ọdún mẹ́rin ni ní UI, Ifẹ̀ àti Unilorin, ní FUTA àti LAUTECH ọdún márùn-ún ni torí pé B.Tech ni wọ́n ń fúnni. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ wọlé kó o lè fi ọgbọ́n sọdá sí Medicine, má wọlé, ọdún kan yẹn á kàn ṣòfò ni, ọkàn ẹ ò sì ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ síbi tí àpáta bá wà nítòsí ẹ, Òṣogbo ò jìnnà sí àpáta, jókòó tì í fún wákàtí kan, pa fóònù ẹ, kàn máa wò ó. Ṣé o rí ìlà funfun tó la àárín ẹ̀ kọjá? Kí ló dé tí apá ibí dúdú tí tọ̀hún pọ́n? Kí ló ká a bí ẹní báyìí? Tí ìbéèrè bá ń jáde lọ́kàn ẹ fúnra ẹ̀, lọ tẹ Accept. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lò ń wo aago, tẹ́tí sí ẹ̀gbọ́n ẹ.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ mà. Ọmọbìnrin mi wà ní 200 level, wọ́n fẹ́ lọ fíìdì ní Ìgàrà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó ní kí n ra búùtù àti hámà fún òun. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. — Ìyá ọmọ, Iléṣà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Obìnrin lèmi náà, ìyá mi ò sì sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ Ìgàrà. Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó ni, ní apá Akoko-Edo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì oríṣiríṣi ló ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún torí pé láàárín ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ló ti máa rí schist (òkúta tó ń là pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ), mábù, gíránáìtì, pẹ̀lú òkúta kan tí òkúta róbótó kún inú ẹ̀ bí ẹran inú mọ́ínmọ́ín. Ibòmíì, èèyàn á wakọ̀ odindi ọjọ́ kó tó rí ohun tí Ìgàrà kó jọ sójú kan. Wọn kì í dá wọn fi sílẹ̀ nínú igbó mà, gúrúùpù gúrúùpù ni wọ́n ń rìn, lẹ́kọ́rà wà pẹ̀lú wọn, wọ́n á sì padà sí ibùdó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá obìnrin wà lára àwọn lẹ́kọ́rà tó ń bá wọn lọ, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè, ẹ sì gba nọ́ńbà ẹnì kan yàtọ̀ sí tiẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù ni oyin. Oyin máa ń gbé ihò àpáta, ẹni tó bá lọ fi hámà lù ú nítòsí ibẹ̀ ti jí wọn. Èkejì ni àpáta tí òjò pa, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn fún un, sòkòtò jíǹsì, fìlà tó bo ọrùn, ORS (oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu), kó mú omi tó pọ̀. Búùtù yẹn kó ti máa wọ̀ ọ́ nínú ilé láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí búùtù tuntun lórí òkè máa bó ẹsẹ̀ ẹ̀. Ní ti hámà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra ti káfíńtà. Irin ti káfíńtà ò ṣe fún òkúta, tó bá lù ú, irin gan-an lè ta, ó sì lè bá ojú. Ti jíọ́lọ́jì wọ́n díẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè dáwó ra ẹyọ kan, kí wọ́n sì fi gọ́gù sójú.

Àǹtí mi, Petrology, ẹ̀kọ́ béèyàn ṣe ń dá òkúta mọ̀, fẹ́ pa mí. Ní lab wọ́n á to ogún òkúta síwájú wa, gbogbo ẹ̀ jọra lójú mi. Ti microscope ló wá burú jù, mo kàn ń rí àwọ̀ tó ń ṣẹ́jú. Mo ti kírààmù gbogbo nóòtì o. — Akẹ́kọ̀ọ́ 300 level, Àkúrẹ́

Kírààmù yẹn gan-an lọ̀tá ẹ. Nóòtì máa sọ fún ẹ pé quartz kì í ní ibi tó ti ń là, o kọ ọ́ sílẹ̀, o yege nínú tíọ́rì, wọ́n wá gbé òkúta fún ẹ, o ò mọ̀ ọ́n, torí o ò tíì wo quartz rí bí o ṣe ń wo ojú èèyàn. Ìyá tó ń ta iṣu ò ka ìwé kankan kó tó mọ iṣu tó máa gún àti èyí tó máa rọ̀ tó, ó ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ lọ́wọ́ ni. Bó o ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹyọ kan ṣoṣo. Ìwọ tó o wà ní Àkúrẹ́, Ìdànrè ò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan lọ sí ẹ. Gíránáìtì Ìdànrè, nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún ló ti wà láyé, gbé ẹyọ kékeré kan tó ti bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, má lọ fọ́ òkè oníkè. Gbé e sínú oòrùn, yí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó tóbi bí ìka, tó ní ojú pẹrẹsẹ tó ń kọ mànà tó o bá yí i, feldspar nìyẹn. Èyí tó dúdú, tó o lè fi èékánná ṣí bí ewé ìwé, biotite ni, mica dúdú. Èyí tó ṣẹ́kù láàárín wọn, tó rí bíi dígí tó ti dọ̀tí, tí kò ní ojú pẹrẹsẹ kankan, tó lè ha ìgò, quartz ni. Mẹ́ta péré! Ìdajì àwọn òkúta tí wọ́n tò síwájú ẹ nínú lab yẹn, mẹ́ta yìí náà ló kún inú wọn, bí wọ́n ṣe pọ̀ sí àti bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀. Tí wọ́n bá tóbi tí wọ́n sì dà rú, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yẹn ti tutù, ó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ráyè dàgbà. Tí wọ́n bá tò ní ìlà ìlà, funfun dúdú, funfun dúdú, gneiss nìyẹn, nǹkan ti tẹ̀ ẹ́, ó ti gbóná, ó ti yí padà.

Ó wá kan microscope. Thin section tó ò ń wò yẹn, òkúta ni wọ́n lẹ̀ mọ́ dígí tí wọ́n wá lọ̀ títí tó fi ku 0.03 mm, kò nípọn tó irun orí ẹ. Tí o bá ráyè, lọ bá àwọn tó ń ṣe é ní wọ́ọ̀kíṣọ́ọ̀pù dípátímẹ́ǹtì yín, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o ṣe ẹyọ kan pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ, èmi ṣe é, mo lọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi ń bó, lọ́jọ́ tí mo gbé e sábẹ́ microscope mi ò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́ torí mo mọ òkúta tó ti wá. Nígbà tó o bá ń wò ó, má sáré lọ síbi tí àwọ̀ wà. Kọ́kọ́ wò ó láìsí ìkejì polariser, ìyẹn àwọn dígí tó ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú microscope. Èyí tó mọ́ roro bí omi ni quartz, èyí tó ń ṣe bíi pé eruku wà lára ẹ̀ ni feldspar, torí feldspar ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú ara ẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ bíi ti tíì, tó o bá yí stage, pèpéle tí thin section wà lórí ẹ̀, tó wá ń dúdú tó tún ń mọ́, biotite ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o wá fi ìkejì sí i. Quartz á di eérú àti funfun, tó o bá ń yí i òkùnkùn á máa gba ara ẹ̀ kọjá bí òjìji. Plagioclase, oríṣi feldspar kan, á mú ìlà dúdú àti funfun jáde bí aṣọ òfì. Microcline, oríṣi feldspar míì, á dábùú ara ẹ̀ bí aṣọ onígunmẹ́rin tí wọ́n fi ń rán yunifọ́ọ̀mù.

Kó o wá yà á. Má fi fóònù yà á o, fi pẹ́ńsù yà á. Tí ọwọ́ ẹ bá ń yà á, ojú ẹ máa rí ohun tí kì í rí tẹ́lẹ̀. Ṣe é fún oṣù kan, òkúta méjì lọ́sẹ̀, kó o tún kọ̀wé sí mi.

Mò ń sanwó ilé ìwé ọmọ mi tó ń ka Geology, èrò ọkàn mi ni pé ilé iṣẹ́ epo ló ń lọ. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ epo ò gba èèyàn mọ́ bíi tàtijọ́. Ṣé owó mi ò ti wọgbó báyìí? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. Òótọ́ lẹni yẹn sọ dé àyè kan. Látìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri lọ́dún 1956 ni gbogbo èèyàn ti ń rò pé jíọ́lọ́jì àti epo, ọ̀kan náà ni. Ilé iṣẹ́ epo ṣì ń gba jíọ́lọ́jíìsì, àmọ́ wọn ò pọ̀, àwọn tó ń du ibẹ̀ sì ti kàwé kún ìwé. Tó bá jẹ́ pé torí owó epo nìkan ni ọmọ yín ṣe wà níbẹ̀, á rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ẹ̀ ń gbé gan-an ti ń dá yín lóhùn, Abẹ́òkúta, abẹ́ òkúta! Ẹ gba ọ̀nà Èkó díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ máa dé Ewékorò, láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi limestone ibẹ̀, òkúta ẹfun, ṣe sìmẹ́ńtì, òkun ló wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ìkarawun ẹran omi ló para pọ̀ di òkúta yẹn. Jíọ́lọ́jíìsì ló ń sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ tẹ̀lé. Nítòsí Iléṣà, Ṣẹ́gilọlá ti ń yọ góòlù jáde láti ọdún 2021, ilé iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ti àwọn tó ń fi igbá wa á. Ní Àgbábù ní Oǹdó, ọ̀dà ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wò níbẹ̀. Gbogbo kúárì tí ẹ̀ ń gbọ́ ariwo ẹ̀ lóru yẹn nílò wọn.

Àmọ́ èyí tí mo mọ̀ jù ni omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Apá tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá, orí òkúta líle la wà, omi ò sí káàkiri inú ẹ̀ bó ṣe wà nínú yanrìn Èkó, inú ibi tí òkúta ti jẹrà àti ibi tó ti sán ló máa ń sá pamọ́ sí. Ẹnì kan lè gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù kó rí omi tó máa tó àdúgbò mu, aládùúgbò ẹ̀ á gbẹ́ tiẹ̀ ní ogún mítà síbẹ̀, eruku nìkan ló máa jáde. Baba onílé kan pè mí lẹ́yìn tó ti gbẹ́ méjì tó gbẹ fúrúfúrú, owó tó lọ sí i pa á lẹ́kún lójú mi. Irin mẹ́rin ni a máa ń gún mọ́lẹ̀, a ó fi iná sínú méjì, a ó fi méjì tó kù wọn bí ilẹ̀ ṣe gba iná yẹn sí, a ó máa fa irin ìta jìnnà síra wọn kó lè wo ìsàlẹ̀ sí i. Òkúta tó le gbáú kì í gba iná, ibi tó ti jẹrà tí omi wà máa ń gbà á. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ méjì yẹn, òkúta ti sún mọ́ òkè níbẹ̀. Ẹ̀yìn ṣálángá ẹ̀ ni àyẹ̀wò gbà wá láyè ní tòótọ́, mo ní rárá, omi ìdọ̀tí máa wọ inú ẹ̀, a lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà lápá kejì níbi tí nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tún ti wálẹ̀. Omi jáde. Baba yẹn bọ́ bàtà, ó dúró sínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn, kò sọ̀rọ̀.

Tí ọmọ yín bá parí, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà ìwakùsà àti jíọ́lọ́jíìsì, àwọn ni òfin ní kó máa fún wa ní ìwé àṣẹ, kó sì ti máa bá NMGS, ẹgbẹ́ àwọn jíọ́lọ́jíìsì àti awakùsà Nàìjíríà, ṣe látìgbà tó ti wà nílé ìwé, ẹgbẹ́ yẹn ti wà láti 1961. Kó kọ́ GIS, iṣẹ́ máàpù lórí kọ̀ǹpútà, dáadáa. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó kà nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn èèyàn ń wa góòlù, òjé wà nínú òkúta kan náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé wọn, nígbà míì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, eruku ẹ̀ pa ọmọ tó lé ní irinwó. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ òkúta yẹn lójú ì bá ti kígbe. Iṣẹ́ ń bẹ bàbá, owó yín ò wọgbó.

Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Wọ́n ti pín agbègbè fún mi láti lọ ya máàpù ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, àwọn ará abúlé lé mi, wọ́n ní góòlù àwọn ni mò ń wá. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n padà lọ. — Akẹ́kọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ ilé ìwé mi

Pẹ̀lẹ́. Wọn ò ṣe é torí ìkà. Àwọn kan ti wá síbẹ̀ ṣáájú ẹ, wọ́n gbé hámà bíi tìẹ, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ katapílà dé sórí oko wọn. Òfin ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì gbogbo tó wà nínú ilẹ̀, onílẹ̀ mọ̀ pé tí wọ́n bá rí nǹkan lóko òun, ọwọ́ òun kọ́ ló máa bọ́ sí. Ìwọ náà á lé èèyàn.

Má gba oko wọ̀ ọ́ mọ́. Lọ sílé baálẹ̀ lówùúrọ̀ kí wọ́n tó lọ sóko, mú lẹ́tà dípátímẹ́ǹtì dání, dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kó o fi máàpù tí àwọn sẹ́níọ̀ ẹ yà hàn wọ́n, kí wọ́n rí i pé ìwé ilé ìwé lásán ni. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ lẹ́nì kan tó máa mú ẹ káàkiri, tó bá jẹ́ ọdẹ, o ti ríre, torí kò sí àpáta tí ọdẹ ò mọ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé níbo lẹ ti ń wa yangí, níbo làwọn ìyá ti ń wa amọ̀ ìkòkò, odò wo ni kì í gbẹ. Máàpù ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán nìyẹn! Lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí wọ́n bá ti sun igbó, òkúta tí ewé bò máa yọjú, ìsàlẹ̀ odò náà á gbẹ, ibẹ̀ ni òkúta tó dáa jù máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńpáàsì wá ńkọ́. Mo fẹ́ kó o kọ́gbọ́n lára tèmi. Ní fíìdì mi ní 300 level, mo wọn ibi mẹ́rìndínlógún láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìhà tí òkúta dojú kọ àti bó ṣe dẹ̀gbẹ́ tó, mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, inú mi ń dùn. Lálẹ́ lẹ́kọ́rà wa wò ó, ó ní òkúta agbègbè yìí ò rí báyìí. Mo ní mo wọ̀n ọ́n dáadáa sà. Kò bá mi jà, ó ní kí n dúró bí mo ṣe dúró lóko, mo dúró, mo gbé kọ́ńpáàsì, ó wá nawọ́ yọ hámà tó wà ní bẹ́líìtì mi kúrò. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yẹn yí lójú mi. Irin hámà ló ti ń fà á látàárọ̀. Mo sunkún lálẹ́ yẹn, lọ́jọ́ kejì mo padà lọ sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ẹsẹ̀ mi ti wú. Nítorí náà kó o gbé hámà sílẹ̀, gbé àdá ẹni tó ń mú ẹ lọ sílẹ̀, fóònù náà, gbé e jìnnà, kó o tó wọn ohunkóhun. Òkúta tó o bá sì ti mú, lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, má sọ pé o máa rántí. Lálẹ́ kí o tó sùn, fi bírò tẹ gbogbo ohun tó o fi pẹ́ńsù kọ lóko.

Kí ni mo máa fi sílẹ̀ ní JAMB fún Geology? Mo wà ní SS2. — Ìṣẹ́yìn

English, Physics, Chemistry àti Maths, èyí ò lè kó ẹ sí wàhálà níbikíbi. Ní WAEC, fi Biology tàbí Geography kún un, kó jẹ́ kírẹ́dìtì márààrún. Geography wúlò ju bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ o, ẹni tó bá ti mọ máàpù kà láti sẹ́kọ́ńdírì máa sinmi ní 200 level.

Ẹ káàsán mà. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́wàá gbé òkúta kan wálé láti etí odò, ó ń dán yinrinyinrin bíi góòlù. Ó ní kí n bi yín, kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní jíọ́lọ́jì lòun máa kà. — Ìyá ẹ̀, Ìṣàgámù

Ẹ bá mi kí i o! Ẹ ní kó gbé òkúta yẹn sórí tábìlì kó fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ibi tó ń dán yẹn. Tó bá ṣí bí ewé, tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mica ni, òun ló pọ̀ jù létí odò wa. Tí kò bá ṣí, kó wá àwo tàìlì kan tó ti fọ́, kó fi òkúta yẹn ha ẹ̀yìn tàìlì níbi tí kò ti dán. Tí ìlà tó fà bá dúdú tó ń ṣe bí aláwọ̀ ewé, pyrite ni, òun ló ti tan ọ̀pọ̀ àgbà jẹ. Tí ìlà yẹn bá pupa rẹ́súrẹ́sú bíi góòlù fúnra ẹ̀, tí ibi tó ń dán sì tẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ dípò kó rún, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ̀wé sí mi kíá. Kó fi pẹ́ńsù yà á, kó kọ ọjọ́ tó rí i àti apá ibi tó ti rí i létí odò yẹn sísàlẹ̀ ẹ̀, kó sì fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí mi, mò ń dúró dè é.